Ọ̀nà Àkúrẹ́ Gba Ilé Àna

Ká ní ẹnì kan ti sọ fún Hephzibah pé Ọ̀kà ni ìrìn àjò Àkúrẹ́ máa há sí, nínú ọgbà bàbá tó bí i lọ́mọ, ì bá ti jí dá nìkan lọ kí àkùkọ tó kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní àfẹ́sọ́nà, ìgbà wo ló tún ń dá nìkan lọ síbì kankan?

Ìṣirò ni Hephzibah ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkàrẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ ní Sátidé yẹn: kó dé Àkúrẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kó dúró níwájú Kòsíná, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé. Ẹgbẹ́ olórin ni Kòsíná. Ọmọ Ìbàdàn mẹ́rin ni wọ́n, tí wọ́n ń ta gìtá bí ẹni tó ń bá onílé jà, tí ọmọbìnrin tíńrín kan tó ń jẹ́ Latifah sì ń fi Yorùbá kọ orin rọ́ọ̀kì lé e lórí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wọn. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gba orin wọn sílẹ̀, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ́tí dáadáa, á máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lábẹ́ gìtá.

Àwọn èèyàn lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Lọ́dún tí Hephzibah ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí kò ríṣẹ́, gbogbo ará ilé àti ará ìjọ ló ń sọ fún un pé kó ní sùúrù, kó máa dúpẹ́, kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Latifah nìkan ló ń kọ ọ́ sí i létí lóru pé ó tọ́ kí inú bí i. Orin yẹn ló fi la ọdún náà kọjá. Wàyí o, Latifah ti rí ìwé Kánádà gbà, ó ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ ń tú ká, eré Àkúrẹ́ yìí sì ni àṣekágbá. Tó bá fò ó, ó ti fò ó nìyẹn.

Nathaniel, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní òun á bá a lọ. Akọ̀wé ìjọba ni Nathaniel, ọmọ dáadáa ni, kì í mu ọtí, kì í pariwo. Àléébù kan ló ní, òun náà sì ló kó gbogbo ìyókù jọ: kò lè sọ ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Tó o bá ní òjò ń rọ̀, á ní òjò ńlá ni. Tó o bá ní oòrùn ni, á bá ẹ nu òógùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Hephzibah rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Hephzibah fi owó ara rẹ̀ háyà ọkọ̀ Kareem, awakọ̀ kan tí gbogbo tíṣà Ìkàrẹ́ mọ̀. Wọ́n gbéra láàárọ̀, ọ̀nà dá, inú Hephzibah ń dùn. Wọ́n dé Àkùngbá níbi tí ọ̀nà ti pín, ibi tó yẹ kí wọ́n ti dojú kọ Ọ̀bà àti Ọ̀wọ̀, ni Nathaniel bá fọwọ́ kan Kareem léjìká.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà sí ọ̀nà Ọ̀kà.”

“Ọ̀kà ṣe báwo?” ni Hephzibah béèrè.

“Hephzibah, a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. A kì í gbé ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn àjò tó máa sùn síta kí àwọn òbí rẹ̀ má mọ̀. Tí ẹnì kan bá rí wa ní Àkúrẹ́ ńkọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Bàbá?”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ohun tó sì ń bí èèyàn nínú nípa Nathaniel nìyẹn, òótọ́ rẹ̀ kì í yọjú àfi lásìkò tí kò wúlò. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti yẹ kó sọ ọ́. Hephzibah wo aago, ó mí kanlẹ̀.

“Kò burú. Ṣùgbọ́n a ò ní jókòó. Wàá kí wọn, wàá sọ ibi tí à ń lọ àti ohun tí à ń lọ ṣe, a ó sì jáde.”

“Ibi tí à ń lọ àti ohun tí à ń lọ ṣe,” ni Nathaniel tún wí, bí ọmọ tó ń kọ́ àkọ́sórí.

Ìwàrò ni ilé àwọn òbí Hephzibah wà ní Ọ̀kà, lábẹ́ àpáta. Bàbá rẹ̀, Zacchaeus Adébíyìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì wà lára àwọn àgbà ìjọ. Iwájú ilé ni wọ́n bá a, tó ń gé èékánná. Nathaniel kò tíì jáde nínú ọkọ̀ tán tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fi jọ dé láàárọ̀ yìí?” ni Bàbá wí.

“Kò sí, sà. À ń lọ sí Àkúrẹ́ ni, sà.”

“Kí ló wà ní Àkúrẹ́?”

Nathaniel wo Hephzibah. Hephzibah ranjú mọ́ ọn pé, sọ ọ́. Zipporah, ìyá rẹ̀, ti ń ti inú ilé bọ̀, ó ń fi ìró nu ọwọ́. Nathaniel wo ìyá, ó wo bàbá.

“Àbúrò bàbá mi ni, sà. Bàbá Akínlọ́lá. Ara wọn ò yá.”

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí ká wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ká ní ó sọ pé ọjà lòun fẹ́ lọ rà, wọn ì bá ní kó lọ kó bọ̀. Ká ní ìsọjí ló pè é, wọn ì bá gbàdúrà fún un. Gbogbo irọ́ tó wà lórí ilẹ̀ ayé, ó lọ mú èyí tí a kì í pa lójú àna. Àwọn ìdílé méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ara wọn, ìdáná ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀kan nínú àgbà tó léwájú ẹbí ọkọ wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn òbí ìyàwó á gbọ́, wọ́n á wá jókòó sílé? Bí wọ́n bá jókòó, ta ni yóò gbọ́ àlàyé wọn? Hephzibah ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu.

“Èyí tó ṣe alága wọn lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́?” Màmá ti tú ìró, ó ń tún un ró. “Àna wa ń ṣàìsàn, ká gbọ́ ká máa wò? Kí la fẹ́ wí lọ́jọ́ ìdáná? Bàbá Hephzibah, ẹ dìde, ẹ lọ wọṣọ. Inú ọkọ̀ yìí gba gbogbo wa.”

“Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu,” ni Nathaniel wí.

“Ìyọnu kọ́, ojúṣe ni.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wò wọ́n ná, mà, ká wá padà wá jábọ̀.”

“Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́,” ni Màmá sọ fún ọkọ rẹ̀. “Kò fẹ́ ni wá lára.”

Bí Nathaniel ṣe ń bẹ̀ wọ́n tó pé kí wọ́n jókòó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n túbọ̀ ń rí i bí ọmọlúàbí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n túbọ̀ ń múra. Màmá béèrè ohun tó ń ṣe Bàbá Akínlọ́lá gan-an. Nathaniel ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Màmá ní òun mọ ewé rẹ̀, kò pẹ́ ni ìkòkò àgbo ti wà lórí iná. Nígbà tí Nathaniel rí i pé irọ́ òun ti ń hó, ó sáré ní ó jọ pé ẹsẹ̀ ló tiẹ̀ ń dùn wọ́n jù. Màmá ní kò burú, òróró wà fún ẹsẹ̀.

Hephzibah fà á ní apá lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

“Lọ sọ òótọ́ fún wọn.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Kí n sọ pé irọ́ ni mo pa fún àna mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìwọ náà ò lè bá mi sọ ọ́?”

“Kí n dójú tì ẹ́ níwájú àwọn òbí mi, ká tó fẹ́ra? Kí wọ́n máa rí ẹ bí òpùrọ́ títí ayé? Ìwọ lo ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ìwọ ni kó o tún un ṣe.”

“Jẹ́ ká ṣáà máa lọ. Tá a bá dé Àkúrẹ́, nǹkan á dáa.”

“Tá a bá dé Àkúrẹ́, ta ni wọ́n fẹ́ bẹ̀ wò?”

Nathaniel ronú díẹ̀. “Màá pe Bàbá Akínlọ́lá lórí fóònù kí wọ́n dùbúlẹ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Hephzibah, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú rẹ̀. Nathaniel kò ṣeré o. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ó lọ sẹ́yìn ilé, kò sí. Ó gun àpáta tòun ti bàtà tó dán, ó na ọwọ́ sókè, ó ń yí bìrí. Bàbá, tó ti wọ agbádá jáde, rí i lókè níbẹ̀, ó ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn àbúrò bàbá rẹ̀ o, wò ó bó ṣe ń wá ìròyìn ara wọn kiri.

Ọ̀sán ti pọ́n. Wọ́n ní bí a bá fi ogún ọdún pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la fẹ́ bu ni jẹ? Màmá wọ aṣọ kan, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn nítorí pé ti àkọ́kọ́ dán jù fún ìbẹ̀wò aláìsàn. Iṣu wọ búùtù. Epo wọ búùtù. Adìyẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tẹ̀ lé e. Àgbo kò tíì tutù, wọn ò sì lè dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbóná. Kareem wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọlẹ̀, ó yọjú sí Hephzibah.

“Tíṣà, háyà tá a sọ kọ́ nìyí o.”

“Mo mọ̀, Kareem. Ẹ má bínú.”

“Èmi ò bínú. Ẹ̀yin ni mo ń wò.”

Lóòótọ́ ni inú ń bí Hephzibah. Inú ń bí i sí Nathaniel, ó ń bí i sí adìyẹ, ó ń bí i sí ara rẹ̀ pàápàá, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti la ẹnu láti tú àṣírí yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti pa á dé. Kò fẹ́ kí òun ló máa sọ ọ́. Ó fẹ́ kí ọkùnrin tó fẹ́ gbé òun níyàwó dúró níwájú bàbá òun, kó ní, orin ni à ń lọ gbọ́, ọmọ yín fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà sì ń bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn rárá. Bí kò bá lè sọ èyí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá dé ńkọ́, tàbí ọ̀rọ̀ ilé, tàbí ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ bá dìde sí òun?

Gbogbo ẹrù wọlé tán, ó ku àdúrà. Bàbá gbàdúrà ọ̀nà, ó gbàdúrà ọkọ̀, ó wá dé orí Bàbá Akínlọ́lá. Ó bẹ Olúwa kó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sàn, kó gbé e dìde lórí ibùsùn àìsàn, kó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lókun. Ohùn Nathaniel ló ga jù nínú àmín. Hephzibah la ojú wò ó, ojú tirẹ̀ sì dì pinpin.

Bàbá wá ní, “A kì í yọ sí aláìsàn lójijì. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n pé à ń bọ̀.”

“Kò sí nẹ́tíwọ̀kì, sà,” ni Nathaniel yára wí.

“Ó wà lórí tèmi.”

Ó sì wà. Bí gbogbo àgbà ṣe ń ṣe, Bàbá tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta, ó gbé fóònù síwájú ẹnu bí ẹni fẹ́ mu omi. Ó dún, ó dún, wọ́n gbé e. Ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan tó ń pariwo borí ẹ̀rọ.

“Àna wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ibi pákó ni mo wà.”

“A ní ká béèrè àlàáfíà yín ni,” ni Bàbá wí. “Wọ́n ní ara yín ò yá.”

“Ara ta ni ò yá? Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbé pákó níbí. Ta ló ń fi àìsàn lọ̀ mí? Ẹ sọ fún mi, àna wa, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Bàbá wo Nathaniel. Nathaniel ń wo ilẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́,” ni Bàbá dáhùn. “Etí mi ni. Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó pa fóònù, ó rọra fi sápò agbádá. Adìyẹ ń ké nínú búùtù.

“Nathaniel. Níbo lẹ ń lọ?”

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ara tu Hephzibah. Irọ́ ti kú, wọ́n ti sin ín, kò sí ohun tó kù fún ọmọkùnrin yìí láti sọ ju òótọ́ lọ. Ó tiẹ̀ ti ń dárí jì í nínú ọkàn rẹ̀. Kó ṣáà sọ ọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, Kareem mọ eré sá, wọ́n ṣì lè bá Latifah lórí ìtàgé.

Nathaniel dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Hephzibah ló fẹ́ lọ síbi àwọn olórin kan. Àwọn tó ń kọ rọ́ọ̀kì. Mo ti sọ fún un pé kò yẹ ọmọ tó ti ilé rere wá, pé ariwo lásán ni, kò gbọ́. Mo kàn ń tẹ̀ lé e kó má baà dá nìkan lọ ni, sà.”

 Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń bá Hephzibah jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, íápíìsì kan létí rẹ̀, èkejì létí Hephzibah. Ó ti sọ fún un pé orin kẹta ló wu òun jù. Ó máa ń fi orúnkún rẹ̀ ta á bíi gìtá.

“Ọmọ mi, o ṣé é,” ni Màmá wí fún Nathaniel, ojú àánú ló sì fi wò ó. “O ní sùúrù.”

Èyí ló dun Hephzibah jù. 

“Irú orin wo nìyẹn?” ni Bàbá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo, ó kàn béèrè ni. Hephzibah kò tíì dáhùn tí Nathaniel ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“A ò lọ mọ́, sà.”

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n a ò lọ mọ́.”

“Mò ń lọ,” ni Hephzibah wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

“Orin rọ́ọ̀kì ni, Bàbá. Gìtá ni wọ́n ń ta, wọ́n sì máa ń pariwo. Mo fẹ́ràn wọn. Ní ọdún tí mi ò níṣẹ́, àwọn ni mo ń gbọ́. Òní ni wọ́n ń kọrin kẹ́yìn, èmi ni mo háyà ọkọ̀, ilé ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní Àkúrẹ́ ni mo máa sùn. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín.”

Bàbá wò ó títí. “Má gun ọkọ̀ bọ̀ lálẹ́,” ni ó wí. “Tó o bá débẹ̀, pè mí.”

Gbogbo ohun tó gbà nìyẹn. Láti àárọ̀ tí iṣu ti ń wọ búùtù, tí àgbo ti ń hó, tí wọ́n ti ń gbàdúrà sórí ọkùnrin tó ń gbé pákó, gbogbo ohun tó gbà kò ju kí èèyàn la ẹnu sọ̀rọ̀ lọ. Hephzibah fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún nítorí bó ṣe rọrùn tó.

Kareem kó ẹrù sílẹ̀ kíá, adìyẹ ló kọ́kọ́ gbé. Hephzibah wọlé, ó sún sẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

“Nathaniel, wọlé ká máa lọ.”

Nathaniel wo Bàbá. “Ṣé kí n lọ, sà?”

“Èmi kọ́ ni wọ́n pè,” ni Bàbá wí.

Ó wo Màmá, ó wo iṣu nílẹ̀, ó wo inú ọkọ̀. “Màmá ti ní àwọn á gúnyán. Tí mo bá lọ báyìí, á dà bíi pé mò ń bínú. Jẹ́ kí n jẹun, kí n fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Máa lọ ná, màá wọkọ̀ tẹ̀ lé ẹ.”

Hephzibah na ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti kọjá Ọ̀bà, wọ́n dorí kọ Ọ̀wọ̀, Kareem ń yà fún kòtò lọ́tùn-ún lósì, kí fóònù tó dún. Màmá ni.

“Nathaniel ti jẹun tán o. Ó ní ṣé kí òun ṣì máa bọ̀ ni, àbí kí òun dúró dè ọ́ níbí di ọ̀la? Ó ní èyí tó bá wù ọ́ ni.”

“Ẹ ní kó máa lọ sílé wọn, mà.”

“Kó wá rí ọ ní Ìkàrẹ́ tó o bá dé?”

“Rárá, mà.”

  Ohùn Màmá lọ sílẹ̀, ó jọ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin.

“Nítorí gìtá, Hephzibah?”

“Kì í ṣe nítorí gìtá, mà.”

“Wọ́n ti wá tọrọ rẹ. Wọ́n ti mọ ilé wa. Kí la fẹ́ wí fún àwọn ẹbí rẹ̀?”

“Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, mà. Ẹ ní mo lọ gbọ́ rọ́ọ̀kì ní Àkúrẹ́, ọmọ wọn ò sì lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.”

Ó pa fóònù. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú sì ń bí i pé ó ń bọ́. Kareem wò ó nínú dígí, ó ní ṣé kí òun rọra ni. Hephzibah ní kó máa sáré.